Kí ni kí n fi bo ẹ̀yìn táǹkì ẹja mi?

Òǹkàwé kan láti Ìbàdàn kọ̀wé pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní táǹkì ẹja tó gùn ní 90 sẹ̀ǹtímítà, ó ga ní 45, ó fẹ̀ ní 40. Angelfish mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn dúdú pátápátá, pẹ̀lú kribensis méjì. Mo ra bébà aláwòrán iyùn òkun, mo fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn táǹkì náà. Ó dára díẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lẹ̀ ẹ́. Kò tó oṣù kan tí kùrukùru fi bo ojú rẹ̀, ìlà funfun ń ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀, etí rẹ̀ sì ti ń ká. Àwọ̀ àwọn ẹja náà tún ti ṣì. Kí ni kí n fi rọ́pò rẹ̀? Ṣé mo lè ṣe é láìda omi inú táǹkì nù?"

Ẹ ṣí bébà yẹn kúrò, kí ẹ fi sítíkà dúdú tí kì í dán bo ẹ̀yìn táǹkì náà láti ìta. Ẹ lè ṣe é láìda omi nù, bí ọwọ́ bá sáà ti lè wọ àárín táǹkì àti ògiri. Ká ní táǹkì náà ṣófo ni, ọ̀dà dúdú là bá ní kí ẹ kùn, torí òun ló ń pẹ́ jù, òun náà ló sì dára jù lójú. Ṣùgbọ́n ẹja ń bẹ nínú tiyín, iṣẹ́ ọ̀dà kò sì yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tí ẹja wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ba bébà yín jẹ́, nítorí ohun náà lè ba sítíkà jẹ́ bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n.

Afẹ́fẹ́ tín-ín-rín tó wà láàárín bébà àti gíláàsì ló fa kùrukùru yẹn. Láti òkè ni iná táǹkì ti ń tàn wọ inú omi, nítorí náà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń kan gíláàsì ẹ̀yìn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá fẹ́ ti inú omi gba gíláàsì kọjá bọ́ sínú afẹ́fẹ́ kò ní lè kọjá bí ó bá ti dagun ju nǹkan bíi dìgíríì 49 lọ. Gbogbo rẹ̀ ni gíláàsì máa dá padà sínú omi. Bí ọ̀pọ̀ ìmọ́lẹ̀ yín ṣe ń padà lójú ọ̀nà nìyẹn kó tó dé ara bébà. Àwòrán wà nínú òkùnkùn, gíláàsì tó wà níwájú rẹ̀ ń dán, ojú èèyàn á wá rí gbogbo rẹ̀ bíi kùrukùru. Ẹja tó bá wo gíláàsì yẹn láti ẹ̀gbẹ́ máa ń rí ara rẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni wo dígí. Angelfish àti kribensis kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn wọ àyè wọn, pàápàá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yé ẹyin, nítorí náà òjìji yẹn lè máa dà wọ́n láàmú láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì gbágbá, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ abẹ́ rẹ̀, kì í fa èyíkéyìí nínú wàhálà méjèèjì.

Ní ti ìlà funfun, omi ni. Nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ omi, tàbí tí póǹpù afẹ́fẹ́ bá ń ta omi sókè, díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣàn gba ẹ̀yìn táǹkì wọ abẹ́ bébà. Omi á gbẹ, ẹfun tó wà nínú rẹ̀ á dúró síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ omi bóhóòlù lẹ ń lò, tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, ìlà náà á nípọn gan-an. Sẹ̀lótéèpù tí wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ igun mẹ́rin kò lè dí ọ̀nà omi.

Àwọ̀ ẹja tó ṣì ńkọ́? Nínú awọ ẹja ni àwọn hóró kéékèèké kan wà tó gbé àwọ̀ dúdú. Bí ibi tí ẹja wà bá mọ́lẹ̀ gbòò, àwọ̀ yẹn á sún jọ sójú kan nínú hóró, ara ẹja á ṣì. Bí ibẹ̀ bá dúdú, á tàn ká, àwọ̀ ẹja á jinlẹ̀ padà. Bó ṣe ń fara pamọ́ fún ẹyẹ àti ẹja ńlá nínú odò nìyẹn, ẹja inú táǹkì náà kò sì yé ṣe é. Ẹ̀yìn dúdú máa ń dá àwọ̀ padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá lẹ́yìn tí ẹ ti lẹ sítíkà tí kò sí àyípadà, ẹ yẹ omi wò, torí omi tó ti dọ̀tí àti àìsàn náà ń mú kí àwọ̀ ẹja ṣì.

Ìdí tí a fi ní kí ẹ lo dúdú kò pin síbẹ̀. Kribensis kì í ṣe àjèjì: omi gúúsù Nàìjíríà àti etíkun Kamẹrúùnù ni wọ́n ti kó ìran rẹ̀, níbi tí igi ti ṣíji bo odò, tí ewé rírà kún ìsàlẹ̀, tí omi sì máa ń pọ́n bíi ti agbo. Nínú irú ibi bẹ́ẹ̀ ni pupa ikùn abo rẹ̀ ti máa ń yọ dáadáa nígbà tó bá fẹ́ yé. Ẹ gbé e síwájú iyùn òkun aláwọ̀ méje, ẹ kò ní rí pupa yẹn mọ́. Angelfish ní tirẹ̀ wá láti odò Amásónì, ìlà òòró tó wà lára rẹ̀ ni ó fi ń sá sáàárín ìtàkùn àti gbòǹgbò. Àwòrán iyùn kò bá èyíkéyìí nínú wọn lọ, torí inú omi iyọ̀ ni iyùn ń gbé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, dúdú máa ń pa rọ́bà póǹpù, wáyà àti fílítà mọ́ lójú, ẹ̀gbin aláwọ̀ ewé tó bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn kì í sì í tètè hàn.

Angelfish dúdú yín nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí lè nira fún. Òótọ́ ni pé ẹja dúdú níwájú ẹ̀yìn dúdú máa ń sọnù lójú, àgàgà bí iná kò bá mọ́lẹ̀ tó. Bí irú ẹja bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ nínú táǹkì, bíi black molly, ohun tó bá wọn mu ni sítíkà funfun tó dà bíi yìnyín, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọ́fíìsì kí ará ìta má baà rí inú. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ló wà lọ́dọ̀ yín, kò sì yẹ kí márùn-ún pàdánù nítorí ọ̀kan. Ẹ gbin ewé inú omi tó ga, bíi vallisneria, sí apá kan ẹ̀yìn, kí ó gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta gíláàsì náà. Nígbàkigbà tí angelfish dúdú bá ń kọjá níwájú ewé yẹn, ẹ ó rí i kedere. Búlúù náà wà. Ó máa ń mú kí táǹkì dà bíi pé ó jìn, ó sì dára fún ẹja omi iyọ̀. Fún kribensis, dúdú là ń sọ.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe àkọlé ìpolówó, tí wọ́n ń lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ara mọ́tò. Ẹ ní sítíkà dúdú lẹ fẹ́, èyí tí ojú rẹ̀ kì í dán. Òpó sítíkà wọn sábà máa ń fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, nítorí náà ẹyọ kan á bo 90 sẹ̀ǹtímítà yín láìsí oríkèé. Àbọ̀ mítà lè tó, ṣùgbọ́n ẹ ra mítà kan. Bí ti àkọ́kọ́ bá lẹ̀ mọ́ra, ẹ ó rí òmíràn gé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta tíńtì mọ́tò fún yín dípò rẹ̀. Tíńtì kò bo nǹkan, ògiri á ṣì máa hàn lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó ń dán nínú wọn á sì tún sọ gíláàsì di dígí, ohun tí a ń sá fún gan-an.

Ẹ gé sítíkà náà sí 94 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 49 ní gíga, kí sẹ̀ǹtímítà méjì lè ṣẹ́kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa iná táǹkì, ẹ pa póǹpù afẹ́fẹ́, kí ẹ sì fi ọ̀rá ńlá tàbí tówẹ̀lì bo orí táǹkì títí kan etí ẹ̀yìn. Ọṣẹ ni ẹ ó lò, ọṣẹ tó bá sì wọ omi máa ń ba ìjàgbọ̀n ẹja jẹ́, nítorí náà ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rá yẹn. Wákàtí kan láìsí póǹpù kò ní pa ẹja yín lára.

Ìmọ́tótó gíláàsì ló ń gba àkókò jù nínú iṣẹ́ yìí, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa ń sáré ṣe. Ẹ yọ sẹ̀lótéèpù, kí ẹ fi bíléèdì tuntun há gọ́ọ̀mù rẹ̀ kúrò, bíléèdì náà kí ó sùn sí gíláàsì dípò kó dúró ṣánṣán. Fún ìlà ẹfun, ẹ ki aṣọ bọ inú fínígà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ tó nù ún. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi lásán nù ún, ẹ fi sípíríìtì díẹ̀ lórí aṣọ mímọ́ nù ún kẹ́yìn, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Sórí aṣọ ni kí ẹ ti da sípíríìtì, kí ẹ má da á sára gíláàsì. Ẹ fi ìka yín rìn lórí gbogbo gíláàsì náà; ibi tí ẹ bá ti gbọ́ pé ó rí ṣákaṣàka, ẹ tún un há. Hóró iyanrìn kan ṣoṣo tó bá há sábẹ́ sítíkà máa ń gbé e sókè ní roboto tó tó orí ìka kékeré, ẹ ó sì máa rí i lójoojúmọ́ láti iwájú.

Ẹ ro ọṣẹ ìfọbọ́ ẹ̀kán méjì péré sínú omi àbọ̀ lítà nínú ike tí wọ́n fi ń fín omi. Ẹ fín in sára gíláàsì títí tí omi á fi máa ṣàn díẹ̀. Omi yìí ni kò ní jẹ́ kí sítíkà lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó lè máa sún un títí yóò fi tọ́. Ẹni méjì ni kó ṣe é. Ẹ ṣí bébà ẹ̀yìn sítíkà ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré láti òkè, ẹ fín omi sí ojú gọ́ọ̀mù rẹ̀ náà, kí ẹ gbé e lé òkè gíláàsì. Ẹni kan á di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú kúrò lára gíláàsì, ẹnì kejì á mú káàdì ATM tó ti kú, tí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ wé, á máa ti omi àti afẹ́fẹ́ láti àárín lọ sí ọ̀tún, kó tó ti àárín lọ sí òsì. Bí apá yẹn bá ti lẹ̀, ẹ tún fa bébà wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí ẹ máa bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ṣí gbogbo bébà lẹ́ẹ̀kan, sítíkà máa ká mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, kò sì sí bí wọ́n ṣe ń tú u. Ẹni tó bá ń ti káàdì láti etí wá sí àárín, afẹ́fẹ́ ló ń kó jọ sí àárín.

Bí roboto afẹ́fẹ́ kan bá ṣẹ́kù tí káàdì kò lè tì jáde, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún etí rẹ̀ díẹ̀, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ lọ sí ojú ihò náà. Ẹ má fa sítíkà láti fi tẹ́jú. Ó máa ń nà, yóò sì tún sún kì tó bá yá, àlàfo á ṣí ní etí. Ẹ wá fi bíléèdì tuntun àti rúlà gé etí rẹ̀, kí ó kù ní mìlímítà mẹ́ta kó tó dé etí gíláàsì ní igun gbogbo. Ìdí méjì ló wà fún mìlímítà mẹ́ta yìí: ọwọ́ àti aṣọ tó ń nu táǹkì kò ní lè ṣí etí sítíkà, bíléèdì kò sì ní dé ibi tí sílíkọ́ònù so gíláàsì méjì pọ̀. Sílíkọ́ònù ló di omi nínú táǹkì yín mú. Lẹ́yìn iṣẹ́, àwọn ojú kan lè rí bíi wàrà fún ọjọ́ díẹ̀. Omi tó ṣẹ́kù lábẹ́ ni, yóò gbẹ. Ẹ nu ìta táǹkì dáadáa, ẹ nu ọwọ́ yín, kí ẹ tó ká ọ̀rá kúrò lórí.

Tí ọwọ́ kò bá wọ àárín táǹkì àti ògiri, ẹ má ti táǹkì náà. Omi tó wà nínú táǹkì tó tó báyìí lè wọn kílò 150, bí tábìlì bá sì yí díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, sílíkọ́ònù lè ya. Fún irú ibẹ̀, ẹ gé káàdì líle dúdú tàbí pátákó ike dúdú, kí ẹ fà á wọlé láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi téèpù so òkè rẹ̀ mọ́ ògiri dípò táǹkì. Kò ní dára tó sítíkà, torí afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀ tó ń sọ gíláàsì di dígí. Ṣùgbọ́n dúdú kò ní àwòrán tí kùrukùru lè bò, omi tó bá sì ṣàn kò ní kàn án.

Ọ̀dà wà fún ọjọ́ tí ẹ bá da omi nù tàbí tí ẹ bá ra táǹkì tuntun. Ẹ gbé e dojúbolẹ̀ lórí tówẹ̀lì nípọn, ẹ lẹ téèpù oníbébà mọ́ etí yíká, kí ẹ sì nu gíláàsì bí a ti wí. Ọ̀dà emulsion dúdú tí wọ́n ń fi omi pò ni kí ẹ lò. Ìdá mẹ́rin lítà kan tó fún ẹ̀yìn yìí, yóò tilẹ̀ ṣẹ́kù. Ọ̀dà gloss tí wọ́n ń fi tínà pò máa ń rùn pẹ́, òun sì le láti há kúrò. Rólà fóòmù oní-ínṣì mẹ́rin ni ẹ ó fi kùn ún, torí búrọ́ọ̀ṣì máa ń fi ìlà sílẹ̀. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ipele àkọ́kọ́ á rí hágahàga, gíláàsì á máa hàn láàárín rẹ̀, ọkàn yín á sì máa sọ fún yín pé kí ẹ da ọ̀dà sí i. Ẹ má dá a lóhùn. Ọ̀dà tó bá nípọn á gbẹ lójú, inú rẹ̀ á tutù, yóò ṣí ní awẹ́ awẹ́ tó bá yá. Ẹ dúró fún wákàtí méjì, ẹ kun ìkejì ní ìbú bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ òòró, kí ẹ sì máa bá a lọ títí dé ipele mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti inú táǹkì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ẹ tún un tọ́. Nígbà ọyẹ́, inú ilé ni kí ẹ ti ṣe é, torí ipele àkọ́kọ́ lojú yín yóò máa rí láti iwájú, eruku tó bá sì bọ́ sí i kò ní kúrò mọ́ láìhá gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24 kí ẹ tó gbé táǹkì dìde. Bí ó bá jẹ́ ibi tí oòrùn ń ràn dé ni táǹkì máa wà, ẹ kun funfun sórí dúdú yẹn láti ẹ̀yìn. Láti iwájú dúdú ni yóò hàn, funfun tó wà lẹ́yìn á sì dá oòrùn padà kí omi má baà gbóná.

Àwọn kan ṣì fẹ́ràn bébà aláwòrán, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń lò ó tí kì í fi í ní kùrukùru. Wọ́n á fi gílísírìn tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn pa ẹ̀yìn gíláàsì ní fẹ́lẹ́, wọ́n á gbé ojú àwòrán lé e, wọ́n á fi káàdì ti afẹ́fẹ́ jáde. Àwòrán á mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí gílísírìn ti gba ipò afẹ́fẹ́. Wọ́n á wá fi téèpù fífẹ̀ lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfi àlàfo kankan sílẹ̀, pàápàá ti òkè. Bí omi bá rí ọ̀nà wọ ibẹ̀, yóò fọ gílísírìn kúrò.

Ẹ̀yìn fóòmù tó dà bí òkúta, tí wọ́n ń gbé sínú táǹkì, kò yẹ fún táǹkì tí ẹja ti wà nínú rẹ̀. Èyí tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, tó gùn ní 90, tó ga ní 40, máa ń gba àyè omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 11, omi á sì máa fi agbára bíi kílò 10 tì í sókè tọ̀sán-tòru. Sílíkọ́ònù nìkan ló lè dì í mú, irú èyí tí kò ní oògùn ebu nínú, sílíkọ́ònù náà sì gbọ́dọ̀ gbẹ fún ọjọ́ bíi méje nínú táǹkì tó ṣófo. Bí àlàfo bá ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀, kribensis á wọ ibẹ̀, kò ní rí ọ̀nà jáde, ibẹ̀ ni yóò sì kú sí.

Tí sítíkà bá ti wà níbẹ̀ tán, àwọn ẹja lè fara pamọ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ dín iná kù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì fún wọn ní oúnjẹ díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yí i padà, ẹ fi ẹ̀rọ ìgbẹ-irun mú igun kan gbóná díẹ̀, ẹ fà á wálẹ̀ jẹ́jẹ́, gọ́ọ̀mù tó bá ṣẹ́kù á sì bá sípíríìtì lọ. Ọ̀dà emulsion ní tirẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná rin ín fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà ẹ fi bíléèdì há a láti àárín lọ sí etí, kí ẹ sì dúró ní mìlímítà díẹ̀ kí ẹ tó dé ibi tí sílíkọ́ònù wà.